Àpò Sìmẹ́ńtì Kan ní Liverpool

Bàbá mi àgbà, Alhaji Ràímì, kì í wọ ilé kankan láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri rẹ̀. Ìbáà ṣe báńkì, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe ilé àwọn òbí mi ní Bolingbrook lẹ́bàá Chicago, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé ọwọ́ lé ògiri bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wọlé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú máa ń tì mí. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé ẹ̀kọ́ bi mí bóyá bàbá àgbà mi fọ́jú ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ó rọrùn ju àlàyé lọ.

Oṣù mẹ́ta rèé tí a sin ín. Àwọn tó wá kí wa sọ dáadáa nípa rẹ̀: wọ́n ní ó ń kírun lásìkò, wọ́n ní kì í purọ́, wọ́n ní ó tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú nílẹ̀ òyìnbó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ kò ní rí Bàbá níbẹ̀. Bàbá le. Ó lè di ẹnìkan sínú fún ọdún kan gbáko nítorí pé onítọ̀hún kan ìṣó mọ́ ibi tí kò yẹ. Kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sì í gba ìpẹ̀ bọ̀rọ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Àlàkẹ́ ló sì ń pè mí nígbà tí gbogbo ayé ń pè mí ní Sàkírá. Mo fẹ́ sọ irú ẹni tó jẹ́ gan-an, àti ohun kan tó ṣe tí àwọn tó kírun sí i lára kò mọ̀.

Ìṣó gígùn kan wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe ní Uptown, àdúgbò kan ní Chicago, kó tó fẹ̀yìn tì, inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ló sì ń gbé títí ó fi kú, ní àjà kẹta, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin Red Line bó ṣe ń kọjá. Bí mo bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó máa rìn kiri òpópó. Bó bá ti rí ilé bíríkì tó ti gbó, yóò yọ ìṣó, yóò sì fi ha ààrin bíríkì sí bíríkì, níbi tí wọ́n fi mọ́tà, ìyẹn àpòpọ̀ tó so bíríkì pọ̀, sí. Bí ó bá rọ̀, tí lẹ́búlẹ́bú funfun jáde, inú rẹ̀ á dùn. Bí ó bá le, tí ìṣó ń dún lára rẹ̀, á pòṣé.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí obìnrin kan jáde sí wa látinú ilé tí Bàbá ń ha. Ó béèrè bóyá Bàbá nílò ìrànlọ́wọ́. Bàbá dá a lóhùn pé òun kò nílò rẹ̀, ògiri obìnrin náà ló nílò rẹ̀. Obìnrin náà wọlé, ó sì pe ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá méjì dé, wọ́n ní kí Bàbá gbé ọwọ́ síbi tí àwọn ti lè rí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ìṣó wà nínú ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé mọ́tà fún wọn. Èmi ń sunkún, mo ti fi ìtọ̀ rẹ ṣòkòtò mi. Wọ́n fi wá sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Títí a fi délé, kò bẹ̀ mí, kò sì gbá mi mọ́ra. Nígbà tó ti po tíì rẹ̀ tán, ó ní, “Àlàkẹ́, ẹni tó bá rí ògiri tó ń kú tó sì dákẹ́, ó lọ́wọ́ nínú ikú ẹni tí ògiri náà máa wó lù.”

Mo rò pé òwe ni. Bàbá kì í sì í pa òwe.

Ìjà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni ti mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará wa ra ilé bíríkì kan tó ti pẹ́, wọ́n sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, òjò sì ń wọ ògiri rẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ nígbà náà ni Dókítà Múfú, apòògùn kan tó ń gbé ní Tinley Park, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dìde, ó kéde pé àwọn ti rí ẹni tí yóò fi sìmẹ́ńtì di gbogbo ojú ògiri náà pátá. Bàbá dìde.

“Ẹ má fi sìmẹ́ńtì sí i,” ó ní. “Bíríkì ilé yẹn rọ̀. Ẹfun jíjó, òkúta funfun tí wọ́n sun di ìyẹ̀fun, ni wọ́n fi mọ ọ́n, ẹfun náà ni kẹ́ ẹ fi tún un ṣe. Sìmẹ́ńtì á há omi mọ́nú. Bí winter bá dé, omi yẹn á dì, á wú, á sì fọ́ bíríkì láti inú.”

“Bàbá, with all due respect,” ni Dókítà Múfú wí, “contractor yìí ní license. Cement is stronger, everybody knows that.”

“Ta ni everybody?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Dókítà Múfú náà rẹ́rìn-ín. “Bàbá wa, ẹ ti retire. Ẹ fi wá sílẹ̀ ká ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run.”

Ní ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, Bàbá ti gbé àga síwájú wọn. Ó jókòó sí ìdí àkàbà wọn láti àárọ̀ títí di ìrun Àsárì, nínú òtútù oṣù kẹwàá. Mummy pè mí níbi iṣẹ́. “Sàkírá, please, lọ gbé bàbá àgbà ẹ. Ó jókòó sí sidewalk, ó ń disgrace wa. Àwọn èèyàn ti ń post ẹ̀ sí group chat.” Nígbà tí mo débẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

“Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ máa ní pneumonia.”

“Bí wọ́n bá fẹ́ fi sìmẹ́ńtì pa ènìyàn,” ó ní, “èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi pa.”

Ó borí. Àwọn òṣìṣẹ́ náà bá tiwọn lọ, ìgbìmọ̀ sì wá ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ ẹfun. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò kí i mọ́ títí ó fi kú, Dókítà Múfú sì sọ ọ́ káàkiri pé ìgbéraga ló ń da àgbàlagbà náà láàmú. Kí n má purọ́, ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Ó rẹ̀ mí. Mo ti ti ibi iṣẹ́ mi ní Tinley Park wakọ̀ wá, mo sì ní shift ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn ìrìn àjò sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní Liverpool lòun fẹ́ lọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kó tó wá sí Chicago.

“Daddy, gbogbo àwọn mate yín, Mẹ́kà ni wọ́n ń lọ,” ni Mummy sọ fún un nílé wa ní Bolingbrook. “Kí ló wà ní Liverpool? Òjò. Ẹ ò ní anybody níbẹ̀.”

“Mo ní ẹnìkan.”

Mummy wọ kíṣìnì lọ, mo sì tẹ̀ lé e. Ó ti ń nu omijé. Ó dá a lójú pé Bàbá bí ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní èmi ni mo máa tẹ̀ lé e lọ, nítorí pé èmi ni nọ́ọ̀sì, n kò sì ní ọkọ tó máa dá mi dúró. “Tí auntie kan bá wà níbẹ̀,” ó ní, “call me first. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.”

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Liverpool, ilé la fi wò. N kò rí Bàbá bẹ́ẹ̀ rí. Àgbàlagbà tí kì í fẹ́ rìn dé ibùdó ọkọ̀ ní Uptown, òun ló ń fà mí lọ́wọ́. Ó mú mi dé etí omi níbi tí àwọn ilé ìkẹ́rù bíríkì wà, wọ́n ga, wọ́n sì dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì sọ ohun tí wọ́n ń kó sínú wọn nígbà kan: òwú, ṣúgà, tábà. Ó fi àwọn ilé tí wọ́n fi bíríkì di ojú fèrèsé wọn pa hàn mí, ó ní ọba ilẹ̀ náà nígbà kan ń gba owó orí lórí fèrèsé, àwọn ènìyàn sì yàn láti jókòó sínú òkùnkùn. Níbì kan tó ṣófo láàárín ilé méjì, ó ní kí n wo ara ògiri tó kù. Àmì àtẹ̀gùn ilé wà lára rẹ̀, ó ń gòkè lọ síbi tí kò sí nǹkan kan. Bọ́ǹbù ogun ló wó ilé náà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ òmíràn síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la dé iwájú ilé òkúta ńlá kan láàárín ìlú. Ó ní kí n gbójú sókè. Wọ́n gbẹ́ orí ènìyàn dúdú sára òkúta náà lókè lọ́hùn-ún, pẹ̀lú erin àti oríṣiríṣi nǹkan ilẹ̀ wa. N kò ní láti béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Mo mọ̀ pé ẹrú ni ọkọ̀ ojú omi ìlú yẹn ń kó nígbà kan. Mo bi í bí ó ṣe ń fara da kíkọjá lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó ní, “Àwọn tó kọ́ ọ kò fi í pamọ́. Àwa tí à ń kọjá ni kì í gbójú sókè.” Mo kíyè sí i pé kò jẹun dáadáa látìgbà tí a ti dé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé náà ló dùn ún.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ kírun Jímọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì dé òpópó kan tí àwọn ilé rẹ̀ fara kanra. Kí a tó wọ òpópó náà gan-an, ó jókòó sórí ògiri kúkúrú kan, ó ní kí n jókòó.

“Àlàkẹ́,” ó ní, “mo ti pa ènìyàn rí.”

Ohun tó sọ fún mi níbẹ̀ nìyí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Liverpool, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ arúgbó bíríkìlà kan. Ọ̀gá náà kì í pè é lórúkọ, Jack ló ń pè é, torí pé Jack rọrùn fún un. Wọ́n ń tún símínì ilé kan ṣe, ìyẹn ọ̀pá bíríkì orí òrùlé tí èéfín ń gbà jáde. Obìnrin tó ni ilé náà, Ìyá Pauline, ń fún un ní tíì nínú kọ́ọ̀bù kan náà tí àwọn ọmọ ilé ń lò. Lásìkò yẹn, àwọn ilé mìíràn lẹ ìwé mọ́ fèrèsé wọn pé àwọn kò fẹ́ ènìyàn dúdú. Ìyá Pauline bi í ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó sì ń pè é ní Ràímì. Bàbá ní obìnrin náà nìkan ló ń pe òun bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú náà.

Ọ̀gá náà ń fi ẹfun àti yanrìn mọ símínì náà. Bàbá wò ó, ó rí i pé mọ́tà náà rọ̀, ó sì rò pé ahun ni ọ̀gá òun. Ìwó ni wọ́n ti bí Bàbá, inú ilé alámọ̀ ló sì gbé dàgbà. Òjò ọdún kan wó ògiri yàrá ìyá rẹ̀ mọ́ wọn lórí. Ilé ẹnìkan ṣoṣo ni kò mì ní agbo ilé wọn, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó fi sìmẹ́ńtì kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ilé kan dára, sìmẹ́ńtì ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí létí Bàbá. Nítorí náà, nígbà tí ara ọ̀gá kò yá fún ọjọ́ méjì, Bàbá fi owó ara rẹ̀ ra àpò sìmẹ́ńtì kan. Ó gbé e gun orí òrùlé ní ìdajì-ìdajì. Ó ha ẹfun ọ̀gá rẹ̀ kúrò, ó sì fi sìmẹ́ńtì líle di símínì náà yí ká. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oore ló fi ṣe.

“Bí n bá ń kọ́ ilé fún ìyá mi,” ó ní, “bí n óò ṣe kọ́ ọ nìyẹn.”

Sìmẹ́ńtì náà há omi mọ́ inú bíríkì. Lọ́dọọdún, omi náà ń dì, ó ń wú, ó sì ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, símínì náà wó. Ìyá Pauline wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ká aṣọ tó sá. Bíríkì já lù ú, ó dá egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Kò rìn mọ́ títí ó fi kú. Ìjì ni gbogbo ènìyàn dá lẹ́bi. Bàbá gbọ́, ó lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lọ, ó sì rí bíríkì nílẹ̀. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in, bíríkì tó yí i ká ló ti di ìyẹ̀fun. Ó ti mọ iṣẹ́ nígbà náà, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá sí Chicago.

Mo jókòó lórí ògiri yẹn. Mo rántí ọlọ́pàá, mo rántí àga tó gbé sídìí àkàbà, inú sì bí mi sí ara mi. Mo ní, “Grandpa, it was an accident. Ẹ ò mọ̀. Ọlọ́run á dáríjì yín.”

“Ọlọ́run á dárí tirẹ̀ jì mí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn, ẹni tí a ṣẹ̀ ló ni í. Mi ò lè gbé e dé sàréè, Àlàkẹ́. Bá mi kan ilẹ̀kùn.”

Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Pauline ni. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí Bàbá fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tòun ti ọgọ́rin ọdún àti aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ké, ó rò pé ó ṣubú ni. Ó sáré wá láti gbé e. Èmi ni mo ní láti sọ fún un pé kò ṣubú, pé ó ń kí i ni.

Ó ní kí a wọlé. Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: àpò sìmẹ́ńtì, oore, bíríkì tó di ìyẹ̀fun, bó ṣe sá. Pauline dìde, ó lọ sí kíṣìnì. Omi ń dà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ gbẹ.

“Ìjì ni wọ́n sọ fún wa,” ó ní.

“Kì í ṣe ìjì,” ni Bàbá dáhùn.

“Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọdún méje ni mo fi gbé e sókè, tí mo fi gbé e sílẹ̀.” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ wá sọ ọ́ fún mi? Ìjì ni mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ náà. Ìjì kò ní ojú.”

Bàbá tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ẹ̀sìn wa ṣe rí, pé ìyá rẹ̀ ti lọ, òun tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kù. N kò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Pauline tẹ́tí sí i dé òpin.

“Ẹ jẹ́ kí n rò ó,” ó ní. “N óò pè yín. Ẹ má pè mí.” Ó kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ẹ̀yìn àpòòwé kan. Látìgbà tí a wọlé títí a fi jáde, Bàbá kò fọwọ́ kan ògiri ilé náà.

Láti ọjọ́ tí a ti padà dé Chicago, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. “Àlàkẹ́, ṣé ó ti pè?” Ó ń béèrè bí mo bá wọlé, ó ń béèrè kí n tó jáde. Mo ní kó jẹ́ kí n pe obìnrin náà, mo lè wá nọ́ńbà rẹ̀. Ó kọ̀. “A kì í fi ipá gba ìdáríjì,” ó ní. Mo sọ fún Mummy pé kò sí auntie kankan, pé ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan ló lọ kí. Bàbá ní kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún kan kọjá, òtútù kejì dé, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, omi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Lèmọ́mù wá wò ó nílé ìwòsàn, Bàbá sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, èmi nìkan ló kù nínú yàrá. Lèmọ́mù fi í lọ́kàn balẹ̀, ó ní Ọlọ́run mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àánú Rẹ̀ pọ̀. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Lèmọ́mù jáde, Bàbá kọjú sí mi, ó ní, “Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Lèmọ́mù kọ́ ló wà lábẹ́ símínì yẹn.”

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Mo ti parọ́ kéékèèké fún àwọn tó ń kú lọ, mo sì ti sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí n lè pa ọ̀kan fún ẹni tó ń pè mí ní Àlàkẹ́. Mo múra rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Tinley Park: pé Pauline pè, pé ó sunkún, pé ó ní òun ti dáríjì í. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

“Grandpa, ẹ gbọ́. Pauline…”

Ó la ojú. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, ojú ọmọ tó gbọ́ pé ìyá òun ti dé. “Ṣé ó pè?”

Ó wò mí, mo wò ó, n kò sì lè pa irọ́ náà. “Rárá o,” mo ní. “Mo fẹ́ sọ pé ó máa pè ni.”

Ó di ojú. Ó fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. “Má da ara ẹ láàmú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.”

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó kú, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì.

Inú mọ́ṣáláṣí tó bá wọn jà lé lórí ni wọ́n ti kírun sí i lára. Bí àṣà wa, ẹ̀gbọ́n Mummy dìde, ó ní bí Bàbá bá ṣẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí onítọ̀hún forí jì í nítorí Ọlọ́run. Gbogbo ènìyàn dáhùn pé àwọn ti forí jì í. Dókítà Múfú dáhùn pẹ̀lú, ohùn rẹ̀ ga, omi sì wà lójú rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, mo sì ń rò ó pé ẹni kan ṣoṣo tí ìdáhùn rẹ̀ wúlò kò sí níbẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé náà ní Liverpool. Ìlà mẹ́ta péré ni. Mo sọ ọjọ́ tó kú, mo sì sọ pé ó ṣì ń retí rẹ̀. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ kó dùn ún.

Inú ọkọ̀ mi ni mo wà, níwájú ibi iṣẹ́, mò ń jẹun ọ̀sán, nígbà tí fóònù dún. Ohùn Pauline kéré.

“Lẹ́tà rẹ dé,” ó ní. “Ṣé ó jẹ ìrora?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Mo ti dáríjì í,” ó ní. “Kì í ṣe òní. Ọjọ́ tí ẹ wá náà ni, kí ẹ tó dé ìkòríta. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo bí o ṣe dì í mú. Gbogbo rẹ̀ kàn tú kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó gbé ẹrù náà fúngbà díẹ̀, bí mo ṣe gbé ìyá mi. Mo rò pé àyè ṣì wà. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n óò pè lọ́la.”

Oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì tí mo gbé mì níwájú Bàbá nítorí pé irọ́ ni, òótọ́ ni. Ó ti jẹ́ òótọ́ kí a tó wọ bàálù padà. Ká ní mo sọ ọ́ fún un ni, ǹ bá má ti parọ́, òun náà ì bá sì ti lọ ní ìrọ̀rùn.

“Ọmọ mi,” ni obìnrin náà wí, “ṣé o lè dáríjì mí?”

N kò dáríjì í. Kò sí i nínú mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì sí i nínú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó mọ̀la. Mo gbé oúnjẹ mì.

“Mo ti dáríjì yín, mà,” ni mo parọ́ fún un.